Èérí Òkun Tí Màámi Fọ̀ Dànù

Màámi fi ọṣẹ fọ iṣẹ́ mi dànù láàárọ̀ yìí.

Iná ò sí ní láàbù ìwádìí wa n'Íkẹjà, ni mo bá kó aṣọ asẹ́ tá a fi sẹ́ omi òkun wá sá sílé l'Ágége. Nǹkan kan wà nínú òkun tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra ẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ èérí tó ń rì. Òun la máa ń wọ̀n lára asẹ́ náà ká lè mọ bí èérí tó ń rì ṣe pọ̀ tó.

"Màámi, ta ló fọ asẹ́ mi?"

"Èmi ni. Ṣé èmi tí mò ń ta ògì á rí asẹ́ eléèérí, kí n máa wò ó?"

Mo jágbe mọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lo sọ fún mi rí pé èérí lò ń wá?"

Asẹ́ yẹn dùn mí, àmọ́ igbe tí mo ké yẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ìyá yín mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe?