Ọdún tí Màámi Lọ Wo Lékèélékèé

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tí kì í jẹ́ kí ìró ìyá rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun, ilé ò tíì kún Abúlé Òkúta báyìí. Igbó wà lẹ́yìn ilé wa. Bí èèyàn bá rìn sísàlẹ̀ díẹ̀, ó ti dé Ìlàjẹ etí omi nìyẹn, níbi tí ọ̀sà tẹ́ lọ salalu.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n lékèélékèé ló ń sọ fún wa pé òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, pé ọyẹ́ ń bọ̀. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń wá. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gba orí ilé wa kọjá, funfun báláú, ẹgbẹ́ tẹ̀lé ẹgbẹ́, wọ́n á lọ sùn lórí àwọn igi etí ọ̀sà. Àwa ọmọdé á na ọwọ́ sókè, a ó máa tọrọ funfun èékánná lọ́wọ́ wọn.

Ọdún kan wà tí wọ́n dé tí màámi ò jáde. Ibà ti pa àbúrò mi ọkùnrin, kò tíì mọ ìrìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ni màámi ò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Tí a bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á kàn tọ́ ọ wò, wọ́n á sì tì í sẹ́yìn. Bàámi, tí wọ́n ń ṣe káfíńtà, bẹ̀ wọ́n títí. Àwọn ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi wá gbàdúrà, wọ́n lọ. Màámi ń rù sí i. Mo gbọ́ tí bàámi ń sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn pé ẹ̀rù ń ba àwọn, kí ìyàwó àwọn má lọ kú tẹ̀lé ọmọ náà.

Ìyá kan wà ní Ìlàjẹ tí wọ́n máa ń kiri ẹja yíyan wá sí ọ̀dọ̀ wa. Oníbàárà wọn ni màámi, wọn kì í ṣe ẹbí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá ẹlẹ́ja yìí wọlé láìkan ilẹ̀kùn, wọ́n sọ igbá kalẹ̀, wọ́n wo màámi lórí ẹní.

“Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹyẹ.”

Màámi fa ìró borí.

“Mi ò ní kí ẹ sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo ní kí ẹ gbé.”

Wọ́n bá màámi tún ìró ró, wọ́n fà wọ́n lọ́wọ́. Mo tẹ̀lé wọn. A jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Láti ìhà Ṣómólú ni àwọn ẹyẹ náà ti yọ, wọ́n bà lé igi títí igi fi dà bí aṣọ funfun tí wọ́n sá. Ẹyọ kan pẹ́ dé. Ó bà síbí, wọ́n lé e. Ó bà sọ́hùn-ún, wọ́n lé e. Nígbà tó yá ó rí ẹ̀ka kan ní ìsàlẹ̀, ó pa ìyẹ́ dé. Òun ni màámi tẹjú mọ́.

Ni màámi bá ní, “Ebi ń pa mí.”

Ìyá ẹlẹ́ja ò pariwo. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sídìí ààrò tó wà nítòsí, wọ́n mú ẹja gbígbóná bọ̀. Màámi jẹ ẹ́ tán, wọ́n fa orí ẹja náà mu.

Nígbà tí a délé, bàámi dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Ṣé ẹ ti jẹun?” Bí wọ́n ṣe máa ń béèrè lójoojúmọ́ nìyẹn, wọn ò retí èsì.

Màámi ní, “A ti jẹun.”

Bàámi yíjú sí ògiri, wọn ò tètè yíjú padà.

Ọ̀fọ̀ náà ò tán lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n màámi ń jẹun. Wọ́n dàgbà, wọ́n gbé àwọn ọmọ mi jó.

Palmgrove ni mo ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Wọ́n ti da yanrìn sí ibi púpọ̀ lára ọ̀sà, wọ́n kọ́lé lé e. Lékèélékèé ṣì ń kọjá, wọn ò pọ̀ tó ti ìgbà náà. Ìyẹn ò dùn mí púpọ̀, ẹyẹ á máa wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Géètì méjì ló wà nílé wa. Ẹni tó bá fẹ́ rí wa á kọ́kọ́ pe fóònù. Olè pọ̀, mi ò bá àwọn tó fi géètì sí i wí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dákẹ́ sórí ẹní nínú ilé yìí lónìí, mi ò mọ ibi tí aládùúgbò máa gbà wọlé fà á dìde.