Òòfà Tí A Fi Iná Sun

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi gbé ẹ̀rọ tó ń fi agbára oòrùn fa omi ìlú wa sínú àpò, tí mo gun ọ̀kadà kúrò ní Ayébọ́dé. Ó ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ẹ̀rọ náà ti dákẹ́. Odò nìkan ló kù, omi rẹ̀ sì ń fún àwọn ènìyàn ní ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò lè dìde mọ́.

Ní Ìkọ̀lé mo wọ takisí, mo gbé àpò lé itan.

Awakọ̀ wò mí. "Baba, ẹ gbé e sí búùtù. Ẹ ń dì í mú bí àfẹ́sọ́nà."

"Jẹ́ kó wà níbí."

Ọ̀nà dára títí dé Ọyẹ́. Lẹ́yìn náà, kòtò àti eruku títí a fi dé Ìdó.

Lọ́dọ̀ wa, ààrò la fi ń mọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún wáyà ẹ̀rọ wé. Bí béárì, òrùka irin tí irin àárín ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, bá há, a ó fi irin àárín náà sínú iná kó lè yọ. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe sí ti ìlú wa. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹnjiníà tí mo lọ bá ní Ìdó, n kò rí ààrò kankan. Ẹnjiníà tú ẹ̀rọ náà, ó gbé ìṣó lé irin àárín rẹ̀. Ìṣó já bọ́. Ó gbé e lé irin àárín mìíràn tó wà lórí tábìlì. Ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin.

"Ta ló ní kí wọ́n sun ún?"

"Èmi ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Baba, òòfà ló wà lára irin yìí. Ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń ná iná mànàmáná kí irin àárín rẹ̀ tó di òòfà. Púpọ̀ nínú iná yẹn ń di ooru lásán. Eléyìí kò ná iná kankan síbẹ̀. Wáyà tó yí i ká nìkan ló ń lo iná. Bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí iná yìí ń mọ ibi tí òòfà dé, á tan iná sí wáyà iwájú rẹ̀. Ẹ ti rí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi ewé tàn wálé? Bó ṣe ń sún mọ́ ewé, bẹ́ẹ̀ lewé ń sún síwájú. Ìdí nìyẹn tí oòrùn díẹ̀ fi ń fa omi tó pọ̀. Ṣùgbọ́n iná líle máa ń pa agbára òòfà; ẹ ti fi iná pa ewúrẹ́ yẹn."

"Tiyín orí tábìlì yẹn ńkọ́?"

"Ó tóbi jù. Èkó la ó ti mú èyí tó bá ẹ̀rọ yín mu wá. Oṣù kan, bó bá yá."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé. Àwọn obìnrin ti to garawa sídìí ẹ̀rọ. Mo sọ fún wọn pé ó di oṣù kan, mo sì sọ ẹni tó fà á. Ohun tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: ẹ̀rọ tuntun lè jọ ti àtijọ́ lójú, kí inú wọn má jọra. Ó yẹ kí n ti lọ béèrè ṣáájú iná.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé garawa rẹ̀ karí, ó kọrí sí odò.

"Ẹ jẹ́ ká se omi náà kí ọmọ tó mu ún," mo wí.

Kò wẹ̀yìn. "Ìwọ ni yóò wá igi ìdáná rẹ̀."

Mo mú àdá, mo wọ igbó lọ.