Òdòdó Funfun Nùréènì

Ẹ má fi Nùréènì ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé kan náà la jọ háyà ní Agége, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Ọgbà òdòdó iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ló ń tọ́jú. Nígbà tí ìjọba gbé SAP dé, tí nǹkan le koko, iléeṣẹ́ náà kógbá sílé, wọ́n ní kí oníkálukú mú nǹkan dípò owó oṣù. Àwọn kan gbé fáànù, àwọn kan gbé àga. Èèyàn wa gbé gbòǹgbò òdòdó, ó gbìn ín síwájú ilé wa.

Dé-lílì ni òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ ń pè é. Ewé rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò bá sí òdòdó lórí rẹ̀, koríko lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Tó bá là láàárọ̀, á rọ nírọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún náà sì ni. Pupa ni gbogbo wọn. Nùréènì ń wá èyí tí yóò funfun, tí yóò tún là lẹ́ẹ̀kejì. Láàárọ̀, á fi ìyẹ́ adìẹ gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan sẹ́nu òmíràn, á fi òwú tó tọrọ lọ́wọ́ mi sàmì sí i. Tó bá so, á gbin kóró rẹ̀. Ìgbẹ́ màlúù tó ń rù bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Oko Ọba, tó fi ń ṣe ajílẹ̀, kò jẹ́ n gbádùn ṣọ́ọ̀bù mi, mo bú u títí ó fi rẹ̀ mí.

"Nùréènì, ṣé òdòdó lo máa fi jẹ̀bà ni?"

Á kàn rẹ́rìn-ín. Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ebi lé e padà sílé bàbá rẹ̀.

Ọdún gorí ọdún, pupa náà ni wọ́n ń yọ. Àfi ọjọ́ kan tí ẹyọ kan là, funfun bí ẹ̀kọ tútù. Èmi elẹ́nu mímú yìí ni mo sáré bu omi sínú ife fún un. Ó já a sínú ife omi, ó gbé e lọ han Màdáámù Ìbídùn tó ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Allen.

"Ó dára o," ni Màdáámù wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò wúlò fún mi. Tó bá tún là kí ọdún tó parí, mo máa gbìn ín yí hòtẹ́ẹ̀lì ká, ìwọ lo máa máa tọ́jú ẹ̀."

Iṣẹ́ dé nìyẹn, Sùlíyá náà á padà wálé. Ó kù kí òdòdó tún là.

Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ wá kí i láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó di Sátidé ìmọ́tótó, ṣọ́jà kó àwọn ọkùnrin àdúgbò lọ kó gọ́tà. Wọ́n ní ilé tí koríko bá wà níwájú rẹ̀, àwọn á na ọkùnrin ibẹ̀. Ìyá gbọ́. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń fọ balùwẹ̀, n kò mọ̀ pé Ìyá ti mú ọkọ́.

Nùréènì dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyá ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti gbà ọ́ lọ́wọ́ ṣọ́jà. Mo hú koríko yẹn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo sun ún. Kò tún ní yọ mọ́."

Nùréènì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí eérú, ó fa ọ̀pá òdòdó kékeré kan tí iná kò tíì jó tán yọ. Ó ti ń yọ bọ̀ láàárín ewé lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún náà, ẹnikẹ́ni kò tíì rí i. Ó fi èékánná la òdòdó tí kò tíì là lórí rẹ̀. Funfun wà nínú ẹ̀.

Inú bí mi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sí ìyá àgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọmọ ló mú wọn ṣe é, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Nùréènì wò mí, ó mi orí sí mi.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, Ìyá mi. Ẹ kú iṣẹ́."

Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fi iṣẹ́ ta á lọ́rẹ. Nùréènì ń ṣe àmín, ọ̀pá òdòdó yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀.