Bàbá Pẹlẹbẹ àti Ìlà Abẹ́ Nọ́ńbà

Rárá o, wọn ò lé Bàbá Pẹlẹbẹ níṣẹ́. Ó ku bín-ín-tín ni. Ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń gé òkúta ní yàrá ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, òun àti ẹ̀rọ kan tó ń pariwo ju ìyàwó ẹ̀ lọ. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn tíyàwó ò bá sí nítòsí. Á fá òkúta títí táá fi fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ á máa gba inú ẹ̀ kọjá, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, á fi ṣóńṣó irin kọ nọ́ńbà sí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gé e fún, ọlọ́pọlọ pípé ni. Òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, ilẹ̀ abẹ́ òkun ń rì wọ abẹ́ ilẹ̀ tí à ń gbé. Tó bá ń forí sọlẹ̀ lọ, òkúta yíyọ́ á rú jáde nítòsí etí òkun. Tó bá nà pẹlẹbẹ, iná á bá a wọ àárín ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò burú. Ìgbà tó wo ọjọ́ orí òkúta mẹ́wàá tí wọ́n ṣà láti etí òkun wọ àárín ilẹ̀ ló wá ní ilẹ̀ yẹn nà, ó sorí kodò, ó tún nà, bí ẹni tí ìdun ń jẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kọ ọ́ síwèé, ó ń yan káàkiri.

Ni ọ̀mọ̀wé kan láti ibòmíì bá kọ̀wé pé ó jọ pé òkúta kẹfà àti kẹsàn-án pààrọ̀ ilé. Kíá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ó ní agé-òkúta ló ṣi nọ́ńbà kọ, ó sì ti tẹ lẹ́tà ìdádúró. Ó ku oṣù mẹ́jọ péré kí bàbá fẹ̀yìn tì.

Bàbá ò bá a jà. Ó gbé àpótí gíláàsì wá sórí tábìlì, ó ní kó fi òkúta kẹfà han òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú un. Bàbá bi í pé ibo ni ìlà wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òkè ni.

“Abẹ́ ni mo máa ń fàlà sí, láti ọdún tí mo débí, kẹ́nikẹ́ni má baà dorí mẹ́fà kodò di mẹ́sàn-án. Kí lẹ rò pé ìlà yẹn wà fún?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun rò pé ọnà ni.

Ọnà! Lára gíláàsì tí ò ju ìka lọ! Ọ̀jọ̀gbọ́n fa lẹ́tà ya, ó wúkọ́, ó wá ń bèèrè, bí ọmọlúàbí, pé kí lòun máa wá sọ nípa ilẹ̀ abẹ́ òkun báyìí.

Bàbá nu ẹrẹ̀ funfun tí òkúta ta sí i kúrò ní irùngbọ̀n.

“Ẹ sọ fún wọn pé ilẹ̀ ò yí, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Gíláàsì lẹ dorí ẹ̀ kodò.”