Sìdíkátù Àjọkẹ́, Obìnrin Tó Wá Ilé Baba Ọkọ Rẹ̀ Rí

Háà, Àjọkẹ́! Sìdíkátù aya mi, ìyá Kudi, o lọ lóòótọ́! Ẹ̀rọ tí o fi ń wá irin nínú ilẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ẹrẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún. Ó di ìgbà kan ná, olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe péjọ fún àdúrà fìdáù rẹ lónìí, ẹkún nìkan kọ́ ni mo gbé wá. Mo wá yangàn ni. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó di ìwé yìí mú mọ irú obìnrin tí Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ.

Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni ọ́, ọmọ àwọn tó wọ ọkọ̀ kúrò ní Èkó tí wọ́n sọ Ẹ̀pẹ́ di ilé. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni ọ́ ní Ìkòròdú, tí ojú ń ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ títí dòní láti jẹ́wọ́ pé àwọn ṣìnà. Nígbà tí o fẹ̀yìn tì, mo rò pé wàá wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní Ìgbògbò, kí a jọ máa gbatẹ́gùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, o ní kí Kudi ra ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ láti òkè òkun, èyí tó máa ń ké bí irin bá wà lábẹ́ ilẹ̀. O wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó máàpù àtijọ́ jọ, àwọn tí wọ́n yà nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso.

Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fi ń gé àwòṣe aṣọ ń dín, ṣọ́ọ̀kì mi náà kò sinmi. Ní àárọ̀, wàá tẹ́ máàpù àtijọ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé kí oòrùn lè tàn án yọ, wàá da ọ̀nà àti odò rẹ̀ kọ sórí bébà mi, lẹ́yìn náà wàá gbé bébà ọ̀hún lé máàpù òde òní. O máa ń sọ fún mi pé ibi tí ọ̀nà méjì bá ti pàdé létí omi láyé àtijọ́, tó jẹ́ igbó lónìí, èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí.

Gbogbo ilé ló mọ ohun tí ò ń wá. Kí bàbá mi tó kú, ó bẹ̀ mí pé kí n wá ilé bàbá tirẹ̀ rí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá àgbà náà ní Èbúté-Ìrókò, kí àrùn ìgbóná tó lé gbogbo abúlé náà kúrò. Wọ́n ní wọ́n kó gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, àfi owú, irin ràgàjì tí alágbẹ̀dẹ ń lu irin lé lórí, torí ọkọ̀ ìbá rì. Àwọn ará Agbowa tí a wá bá ń gbé máa ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àtọ̀húnrìnwá ni wá, pé a ò ní orírun. Bàbá mi gbé ìbànújẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ sàréè.

Abúlé tó ń jẹ́ Èbúté-Ìrókò lónìí, nítòsí Agbowa, la ti bẹ̀rẹ̀. Ibo ni à bá tún lọ? O kọ́kọ́ kí baálẹ̀, o gbàṣẹ, gbogbo ihò tí a sì gbẹ́ lo ń dí padà. Agolo sàdíìnì, ìdérí ìgò, ìṣó páànù, kò sí nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọ abúlé sọ ọ́ ní Ìyá Alágolo, o sì ń dá wọn lóhùn. Ó sú mi, mo ní kí a sinmi. O ò bá mi jà, o kàn padà sídìí fèrèsé rẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lo pè mí kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. O ti rí máàpù kan gbà tó ti pẹ́ ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èbúté-Ìrókò wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ibi tó wà, ní apá Ẹ̀pẹ́, níbi tí máàpù òde òní kò kọ nǹkan kan sí. O bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Kudi, ó yẹ kí n ti mọ̀. Ṣebí àwa náà ṣì ń jẹ́ Èkó ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn èèyàn yín ò fi orúkọ abúlé sílẹ̀, wọ́n gbé e dání lọ síbi tuntun."

Oko ẹ̀gẹ́ la bá níbẹ̀. Ọkùnrin tó ni ín gbà fún wa, ó ní kí a má ṣáà fa ẹ̀gẹ́ òun tu. O tẹ̀ lé bébà mi dé ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, ò ń gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń gbálẹ̀. Nígbà tó ké, kì í ṣe igbe agolo. Mo fẹ́ sọ ọkọ́ sí i, o gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, o fi ọwọ́ wa erùpẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Owú náà ló yọjú. Ó ti dípẹtà, lílù sì ti jẹ orí rẹ̀ wọlé. Mo ṣí fìlà mi. O gbójú sókè, o wò mí.

"Bàbá Kudi, ẹ jókòó. Ilé yín lẹ wà."

Mo sunkún bí ọmọdé. Ìwọ ò sunkún, ò ń dí àwọn ihò kéékèèké tí a ti kọ́kọ́ gbẹ́ nínú oko náà.

Olóko náà, kí Ọlọ́run bá wa san án fún un, yọ̀ǹda igun ilẹ̀ ọ̀hún fún wa. Àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ rọ́ wá fọwọ́ kan owú náà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú wọn ló sì ṣáájú àdúrà. Mo wò ọ́ lọ́jọ́ yẹn, orí mi wú ju ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ.

Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, àwọn ẹbí rẹ ní kí a gbé ọ wá sí Ẹ̀pẹ́. Wọn ò jẹ̀bi, ọmọ wọn ni ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ló bẹ̀ wọ́n, ó ní ilé tí o fi ọwọ́ ara rẹ wá rí ni kí o sùn sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ owú náà la tẹ́ ọ sí, Àjọkẹ́. Láti ìgbà tí àwọn baba mi ti wọ ọkọ̀ kúrò, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé wa tí Èbúté-Ìrókò àtijọ́ gbà padà.

Bébà rẹ ṣì wà lára fèrèsé. Lánàá, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ orúkọ rẹ síbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, kí àwọn ọmọ ọmọ wa lè mọ̀nà ilé. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánà kẹ́ ọ. Sùn re, aya mi. O ti délé wa ṣáájú mi.