Ọ̀rọ̀ tí Kò Ní Fáwẹ̀lì

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni, lọ́dún 1986, nílé Bàbá Àgbà ní Ọ̀wọ̀. Àwa mẹ́ta ló wà nílé: Bàbá Àgbà, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì; Màmá, ìyàwó rẹ̀, tó ń sun iṣu lẹ́yìnkùlé; àti èmi. Òórùn èèpo iṣu tó ń jó bá wa nínú pálọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà. Oko kòkó bàbá mi ní Òkèlúsè ló dá mi dúró. Nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì ń fi irùngbọ̀n mi ṣẹ̀sín, ìyá mi ní, “Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.” Kò sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó.

Bàbá Àgbà ti là á mọ́lẹ̀: “Bí o bá nà mí nínú Sikirábù kí ilé ìwé tó wọlé, o ó gbé ọ̀dọ̀ mi, o ó lọ sí sẹ́kọ́ndìrì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ́ ń bẹ ní Òkèlúsè.” Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò wọlé.

Nínú eré yìí, tí a ti ń fi lẹ́tà to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba máàkì, bí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkejì tò bá rú ọ lójú, o ní láti sọ pé kò sí irú rẹ̀ kí ẹ tó yẹ díkíṣọ́nárì wò. Nílé wa, a kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló pa. Nítorí náà, Bàbá Àgbà kò pàdánù rí.

Lọ́jọ́ náà ó to V, E, L, K. Ó kó máàkì rẹpẹtẹ.

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Kí n lè mọ̀ ọ́n.”

Ó wo àjà. “Ẹran kan ni, nílùú òyìnbó.”

“Ṣé ó ní ìwo, sà?”

Ó ní ká wo ti ìwo yẹn. Ó ṣí díkíṣọ́nárì, ó pẹ́ níbẹ̀.

Màmá pariwo láti ẹ̀yìnkùlé: “Bàbá Fúnkẹ́, àbí ẹran yín ti sá wọ igbó?”

“Díkíṣọ́nárì yìí ti gbó,” ni Bàbá Àgbà wí. Ó ṣa lẹ́tà rẹ̀ kúrò lórí pátákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá yọjú wo tèmi, ó rẹ́rìn-ín. “Kò sí fáwẹ̀lì kankan? Ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ nìyẹn.”

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní A, E, I, O, U jọ sórí: hymn nínú ìwé orin, rhythm nínú ìwé kíkà, lynx àti nymph nínú díkíṣọ́nárì yẹn kan náà. Mo to M, Y, R, R, H.

“Níbo lo ti rí èyí?”

“Nínú Bíbélì, sà. Òjíá ni.”

Bàbá ìjọ ni Bàbá Àgbà. Kò lè bá Bíbélì jiyàn. Mo fi máàkì díẹ̀ borí, Màmá sì gbé iṣu wọlé.

Èmi náà ti di àgbà báyìí, mo ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò. Ìyàwó mi nìkan ló máa ń béèrè bóyá ó ní ìwo. Láti ìgbà tó ti kú, ẹran tí kò sí ti pọ̀ nílé mi.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin wá kí mi. Mo ní ara mi le, mo ń jẹun dáadáa.

“Ẹ ṣeun, Dádì. Kí lẹ jẹ lánàá?”

Mo wo àjà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dá iná, mo sì sun iṣu.