Àǹtí Pẹ̀lẹ́ Nílé Ọkọ̀ Tuntun

Bẹ́ ẹ bá dárúkọ Àǹtí Pẹ̀lẹ́ láàárín ẹbí, ìtàn kan ló máa kọ́kọ́ jáde: ọjọ́ tí odindi ọ̀gá ilé ọkọ̀ sá tẹ̀lé e dé títì, táì lọ́rùn, bàtà ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Télọ̀ ni Àǹtí. Ó ń wá ọkọ̀ tí á máa fi kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó rí ọkọ̀ búlúù kékeré kan tó ń dán lẹ́yìn gíláàsì, ó wọlé, ó béèrè iye rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ dá iye kan lé e, ojú ò tiẹ̀ tì í. Ẹlòmíràn ì bá figbe ta. Àǹtí ò figbe ta. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ọmọkùnrin náà mú.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

"Kí ló dé, Mà?"

"Iye tó o dá lé e yìí. Ó ti ń ṣe ẹ́ tipẹ́?"

"Mà, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ara á yá. Ṣé ìyá ẹ ti gbọ́?"

Ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nínú yàrá tí ẹ̀rọ atẹ́gùn tutù wà. Ó dín in. Àǹtí ní a dúpẹ́, ó ti ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Ọmọkùnrin náà pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà dín in. Àǹtí ní ibà ti ń lọ o, ó ku orí fífọ́. Ọ̀gá ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ò dín kọ́bọ̀ mọ́. Ni Àǹtí bá gbé báàgì rẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run á bá yín tà á," ó sì jáde.

Ẹ ò rí i bó ṣe ń rìn! Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ti dé etí títì kó tó gbọ́ gbì-gbì-gbì lẹ́yìn rẹ̀.

"Mà! Mà! Ẹ padà! Ẹ wá mú un ní iye yín!"

Àǹtí wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ lọ wọ bàtà yín ná."

Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Ìgbà kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó ká bọ́ọ̀lù sẹ́nu, ó gbọ́ iye tí dókítà eléyín fẹ́ gbà, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, dókítà."

"Mà, ẹ̀yin lẹ́nu ń dùn o!"

"Tèmi á san. Tiyín ló ń bà mí lẹ́rù."

Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó tọ́ dàgbà ni kò jọ ọ́ rárá. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń dákú, ṣùgbọ́n kó dúró níwájú ọlọ́jà kó ní "ẹ dín in," ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ó ra bàtà kan ní iye àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Àǹtí fi ń kúnlẹ̀ kí bàtà náà láràárọ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ìgbà tó yá, ilé ìwòsàn tí agbẹ̀bí ti ń ṣiṣẹ́ ń wá ẹni tí á máa lọ bá àwọn aboyún nílé wọn. Ọdún mẹ́rin ni agbẹ̀bí ti ń wá ipò yẹn. Wọ́n ní àwọn á fún un, bó bá ti ní ọkọ̀ tirẹ̀ di àárọ̀ Mọ́ńdè. Bí kò bá ní, ẹlòmíràn wà nílẹ̀. Ó ti rí ọkọ̀ funfun kan, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Sátidé ni òun àti Àǹtí lọ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó ń bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, "ẹ má jáde lónìí o. Iṣẹ́ mi ni."

"Mo ti gbọ́. Jẹ́ ká débẹ̀ ná."

Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló ń tajà níbẹ̀. Ó dá iye lé ọkọ̀ náà. Àǹtí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ ṣeun, Mà," obìnrin náà dáhùn. "Àtàárọ̀ ló ti ń ṣe mí. Ẹ bá mi gbàdúrà."

Háà! Ẹnikẹ́ni ò dá Àǹtí lóhùn báyìí rí. Wọ́n ná an títí. Obìnrin náà dín in lẹ́ẹ̀mejì, ó wá pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ku díẹ̀ kó bá owó agbẹ̀bí mu. Àǹtí gbé báàgì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ọlọ́run á bá ẹ tà á," Àǹtí ti wí i, ó ti ń lọ.

Wọ́n dé géètì, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Wọ́n dé etí títì, kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì mẹ́ta fi kọjá.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn."

"O ò gbọdọ̀! Tí wọ́n bá rí ojú ẹ, ó parí."

Agbẹ̀bí wo ẹ̀yìn. Baba kan ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ funfun náà, ó ti jókòó sínú rẹ̀, ó ń yí ọwọ́ ọkọ̀ bí ọmọdé. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn, Àǹtí."

Àǹtí wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni obìnrin tí kì í bojú wẹ̀yìn yí padà, ó ká aṣọ sókè, ó sì sáré. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta! Ó ń pariwo láti géètì: "Ọmọ mi! Má tà á o! Má tà á fún un!"

Nígbà tí agbẹ̀bí fi máa débẹ̀, Àǹtí ti di tábìlì mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ jókòó, Mà, ẹ mí ná," obìnrin náà ní.

"Iye tó o sọ yẹn, mo gbà." Ó tú báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, owó, òwú, bọ́tìnì, gbogbo rẹ̀. "Mú iye tó ṣẹ́kù nínú owó ọkọ̀ níbẹ̀. Kọ orúkọ ọmọ mi sí i dáadáa. Agbẹ̀bí ni."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé nínú ọkọ̀ tuntun, agbẹ̀bí béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi padà?"

"Mọ́tò ni mo máa ń ná. Mi ò lè ná ìwọ." Ó tún báàgì rẹ̀ ṣe lórí ẹsẹ̀. "Tó o bá sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo sáré, màá sẹ́."

Agbẹ̀bí ò sọ ọ́ títí Àǹtí fi kú lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, gbogbo ẹbí kóra jọ sí pálọ̀, wọ́n ń sọ ti ọ̀gá oníbàtà kan ṣoṣo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Agbẹ̀bí ní òun náà ní ìtàn kan, ó sì sọ ọ́. Ilé tún hó gèè.

"Irọ́ ńlá!" bàbá rẹ̀ ní. "Ẹ̀gbọ́n mi? Kó padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà? Kó tún sáré?"

"Bóyá ẹlòmíràn lo rí," ìyàwó ẹ̀gbọ́n agbẹ̀bí ní.

Agbẹ̀bí ò bá wọn jiyàn. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀. Òun ni Àǹtí sáré fún, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́ gan-an.